Ta Ni Ó Ṣe É?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará kíláàsì alẹ́ Bóbẹ̀ sọ kí wọ́n tó lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Àgbómẹ̀

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Àsìkò kájú la wà, ẹlòmíràn nínú yín kò tíì jókòó láti òwúrọ̀. Ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìrìn àjò wa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé a ó lọ wo mísé ní Àgbómẹ̀, bàbá kan níhìn-ín béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí yóò fi oko sílẹ̀ ní odidi ọjọ́ kan, tí yóò san owó ọkọ̀ lọ, tí yóò san owó ọkọ̀ bọ̀, ó yẹ kó mọ ohun tí yóò mú bọ̀ wálé.

Mísé ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é. Àwa lè pè é ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé tí a kó ohun àtijọ́ sí ni, kí ó má baà bàjẹ́, kí ó má baà sọnù, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wá wò ó. Ẹ mọ àká. Ohun tó wà nínú àká, a ó jẹ ẹ́ tán, ọdún yóò yí po, a ó sì kó òmíràn sí i. Ohun tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kò ní òmíràn. Bí ó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ.

Láti ìhín a ó bọ́ sí títì ńlá, a ó gba Sàfálù, a ó gba Logozohè dé Ìdáàṣà. Láti Ìdáàṣà a ó kọrí sí gúúsù lọ sí Bohicon, ibẹ̀ ni a ó ti yà sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé gaàrí lọ sí ọjà Bohicon, ẹ ti mọ ọ̀nà náà ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ló ti wọ ààfin tó wà lẹ́yìn ọjà yẹn rí? Mo béèrè ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sí ọwọ́ kan tó nà sókè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ, ohun tí mo fojú ara mi rí ni ní 2011, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Láti ìgbà náà, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ńlá ní ààfin náà, àti iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé nǹkan kan kúrò láàyè rẹ̀. A ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí a lè wọ̀ àti ibi tí a kò lè wọ̀ kí a tó gbéra.

Ààfin ọba ni ilé náà, wọn kò kọ́ ọ fún mísé. Àwọn ọba Dàhòmì jẹ níbẹ̀ láti nǹkan bí 1625 títí di 1900. Méjìlá ni wọ́n máa ń kà. Ọba tuntun kì í gbé inú ilé bàbá rẹ̀. Ó máa ń kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààfin náà ṣe ń fẹ̀ sí i, tí ilẹ̀ rẹ̀ fi tó nǹkan bí ẹ́kítà 47. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú, tí wọ́n ti wá wọn oko yín rí, ẹ mọ bí ẹ́kítà kan ṣe tó. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, bíi ti ilé àwọn bàbá wa níhìn-ín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé dé Àgbómẹ̀, ọ̀gágun Dodds ló ṣáájú wọn. Ọba Gbehanzin dáná sun ààfin kó tó jáde, kí ọ̀tá má baà bá ilé jókòó sí. Ilé ọba Gezo àti ilé ọba Glele ni a rí tún ṣe lẹ́yìn náà, inú wọn ni wọ́n sì dá mísé sí ní 1943, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lórí wa. Ní 1985, UNESCO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ ààfin náà sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé kejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu, nítorí pé ìjì ti bà á jẹ́ ní 1984. Ó di 2007 kí orúkọ rẹ̀ tó kúrò nínú ìwé ewu. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 2009, iná jó òrùlé koríko àwọn ilé kan níbẹ̀. Amọ̀, koríko, iná ọyẹ́. Kò sẹ́ni tí mo ní láti là á yé nínú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń ka lẹ́tà, ẹ ó rí ìwé kan níbẹ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan. Aṣọ ni. Wọ́n gé aṣọ aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ìyeyè sí àwòrán, wọ́n sì rán àwọn àwòrán náà mọ́ aṣọ ńlá kan. Ìdílé Yemaje ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọba láti ìran dé ìran. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò ka orúkọ ọba lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí kìnnìún, Glele ni. Bí ẹ bá rí ẹfọ̀n, Gezo ni. Ẹja ńlá inú òkun tó ń ya ènìyàn jẹ, Gbehanzin ni. Ọ̀gà ni ti Akaba, ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ni ti Agaja. Ẹ ó rí àwòrán ìkòkò kan tí ihò kún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọba Gezo ni ìkòkò yẹn: bí gbogbo ọmọ ìlú bá wá fi ìka wọn dí ihò náà, omi inú rẹ̀ kò ní jò. Ìyá kan tí kò tíì mọ "a" àti "b" lè ka aṣọ náà fún ọmọ rẹ̀ tó ti ṣe ìdánwò. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó tún rí àwọn ọ̀pá kékeré tí orí wọn tẹ̀ bí ẹ̀kù ọkọ́. Ìránṣẹ́ ọba ló ń gbé e dání. Bí ìránṣẹ́ bá dé ìlú kan, tó fi ọ̀pá náà hàn, bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ló dé ni, gbogbo ènìyàn á wólẹ̀. Òǹtẹ̀ tí ẹ ń rí lórí ìwé méèrì, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Nísinsìnyí mo dé ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ìjókòó ọba Gezo wà nínú mísé yẹn. Igi ni, ó ga, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ jókòó lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Agbárí gidi ni. Orí ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun ni wọ́n ń pè é. Lára ògiri, wọ́n fi amọ̀ ya àwòrán ogun, wọ́n sì kùn ún. Jagunjagun Dàhòmì kan ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tá lu ọ̀tá náà fúnra rẹ̀. Ní 1993 sí 1997, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jọ tún àwòrán tó wà lára ilé Glele ṣe. Wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ ó rí i kedere.

Ta ni ọ̀tá náà? Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú mi, ẹ mọ̀ ọ́n. Ogun Dàhòmì ja ilẹ̀ Màhí, ó ja ilẹ̀ Nàgó. Ní 1886 wọ́n fọ́ Kétu. Ní agbègbè tiwa, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ lẹ́yìn òjò, tí ọ̀nà bá ṣeé rìn, àwọn ìyá máa ń kó ọmọ sá gun orí òkúta. Ìtàn tí màmá àgbà mi ń sọ fún wa lálẹ́ nìyẹn, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, wọ́n á mú un lọ sí Àgbómẹ̀. Wọ́n pa àwọn kan níbẹ̀. Wọ́n ta àwọn kan fún òyìnbó ní Wídà, àwọn yẹn sọdá òkun. Àwọn kan sì kú sí oko ọba.

Nígbà tí mo dúró níwájú ìjókòó yẹn ní 2011, amọ̀nà wa ń ròyìn agbára Gezo, àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Inú mi ru. Mo ní kí n jáde. Mo wá bi amọ̀nà náà léèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo ló ni orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí?" Ó wò mí, ó béèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní láti apá Bàǹtẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Bí a bá gbé e pamọ́, ta ni yóò gbà pé ó ṣẹlẹ̀?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Àwọn ọmọ Fọ̀n tí a jọ ń ná ọjà Glazoué lónìí kọ́ ló ja ogun yẹn, àwa kọ́ ni wọ́n sì mú. Àna wa wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n èmi kò ní sọ fún yín pé kí ẹ wọ ààfin yẹn kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún gbogbo ohun tí ẹ bá rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe ni pé, níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: ta ni ó ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọba kì í pa gbogbo ẹni tó bá kó lógun. Bí ó bá rí alágbẹ̀dẹ láàárín wọn, tàbí agbẹ́gilére, tàbí ahunṣọ, ó máa ń dá a sí. Ó máa ń fún un ní ilé, kó máa ṣiṣẹ́ fún ààfin. Nítorí náà, ohun tó wà ní Àgbómẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ará Àgbómẹ̀ nìkan.

Ẹ mọ Dumẹ̀, ní ilẹ̀ Sàfálù, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ifẹ̀. Kò jìnnà sí wa. Àwọn tó wádìí ìtàn sọ pé ogun Dàhòmì mú alágbẹ̀dẹ kan níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni Akati Ekplekendo. Nígbà ọba Glele, tó jẹ láti 1858 sí 1889, Akati rọ ère irin kan fún ààfin. Ère náà tó ènìyàn ní gíga. Òrìṣà irin àti ogun ni: àwọn Fọ̀n ń pè é ní Gu, àwa ń pè é ní Ògún. Ó wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ ṣe. Ó dúró bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Lórí fìlà rẹ̀, àwọn irinṣẹ́ kéékèèké wà níbẹ̀, irinṣẹ́ oko àti irinṣẹ́ ogun, gbogbo ohun tí alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ ewìrì rí, ẹ mọ̀ pé rírọ ọkọ́ yàtọ̀ sí rírọ ènìyàn.

Ẹ kò ní rí ère náà ní Àgbómẹ̀. Ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan rí i ní Wídà ní 1894, wọ́n sì gbé e lọ sí Párìsì. Àwọn ayàwòrán ńlá ilẹ̀ òyìnbó wò ó, ẹnu yà wọ́n. Ní 1935 wọ́n gbé e dé New York, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè wò ó. Ní 2000 wọ́n gbé e sí Louvre, mísé tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ní Faransé. Ẹrú ogun láti Dumẹ̀! Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń wò ó kò mọ orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá ilé rẹ̀ kàn ni wọ́n tó gbọ́, nítorí pé ẹnìkan ṣì rántí.

Ẹ ti gbọ́ ní rédíò pé Faransé dá ohun kan padà fún wa. Òótọ́ ni. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, àwọn ohun tí Dodds kó ní Àgbómẹ̀. Benin béèrè fún ohun ìní rẹ̀ ní 2016, Faransé kọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n yí ọkàn padà, wọ́n ṣe òfin ní oṣù kejìlá 2020, àwọn nǹkan náà sì dé Kútọnù ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2021. Ní oṣù kejì 2022 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ààfin ìjọba kí gbogbo ènìyàn lè wá wò wọ́n. Ère ọba mẹ́ta wà níbẹ̀, ìjókòó ọba wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn mẹ́rin láti ilé Glele pẹ̀lú. Ohun tó dùn mọ́ mi jùlọ ni pé òfì tí a fi ń hun aṣọ àti ọ̀pá ìrànwú wà láàárín wọn. Ọ̀gágun kó òfì! Ère Ògún ti Akati kò sí nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà.

Mo ti mú yín dé Párìsì, ẹ jẹ́ ká padà sí Bóbẹ̀.

Bàbá bàbá mi ní ọ̀pá irin kan. Ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹyẹ irin kan wà lórí rẹ̀. Ìdí ògiri ni ó máa ń wà, ní yàrá tí a kì í wọ̀ ní ọmọdé. Ní ọdún kan tí àgbàdo kò ṣe dáadáa, ọkùnrin kan gun alùpùpù wá, ó ní òun ń ra ohun àtijọ́. Ẹnìkan nínú ìdílé wa tà á fún un. Owó tí ó gbà kò ra àpò àgbàdo méjì. Nígbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, àyè rẹ̀ nìkan ni mo bá nílẹ̀, ihò kékeré kan nínú amọ̀.

Èmi kò bínú nítorí owó. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo lọ bá àwọn àgbà mẹ́ta láti béèrè ẹni tó rọ ọ̀pá náà. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́. Ibi yòówù kí ọ̀pá yẹn wà lónìí, kì báà jẹ́ nínú ilé olówó kan ní ìlú òyìnbó, ẹni tó ń wò ó kò mọ Bóbẹ̀, kò sì mọ alágbẹ̀dẹ wa. Kò sí ìwé kankan tí mo lè gbé jáde láti fi hàn pé tiwa ni. Bí àwọn onímọ̀ bá wá lọ́la bí wọ́n ṣe wá ti Akati, kí ni a ó sọ fún wọn?

Mo mọ̀ pé ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Bí ọmọ bá wà ní ọsibítù, ènìyàn lè ta ohunkóhun. Èmi kò ní dúró níhìn-ín kí n máa dá yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ohun ìdílé kì í ṣe ohun ẹnìkan. Kí ìdílé jókòó sọ ọ́. Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin wà: èyí tí wọ́n ṣe ní 2021 ń dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ wa. Oníṣòwò tó bá sọ fún yín pé òfin kò sí, irọ́ ló ń pa.

Ohun tí ẹ lè ṣe láti alẹ́ òní kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ti mọ̀wé kọ. Ẹ wo inú ilé yín: ìgbá fínfín, ọpọ́n, ìlù, ère ìbejì, ọkọ́ bàbá yín. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, ẹni tó fi sílẹ̀ fún yín, ohun tí a ń fi í ṣe. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Má ṣe dúró de ìgbà tí àkọtọ́ rẹ bá pé.

Ìyá kan nínú kíláàsì wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ó gbé ìgbá kan wá, ó bò ó mọ́ abẹ́ ìró rẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó sì kọ ọ́ pé bàbá ìyá òun ló fín ìgbá náà, ní ọdún tí wọ́n gbé ìyá òun relé ọkọ. Nígbà tó dé orí orúkọ bàbá náà, lẹ́tà kan dojú kọ ẹ̀yìn. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ààbọ̀ wákàtí kó tó parí ìlà mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa títí ó fi gbé bírò sílẹ̀.

Nípa ìrìn àjò: bí a bá dé Àgbómẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Òógùn ọwọ́ ń jẹ igi, ó ń jẹ irin, bó ti wù kí ọwọ́ mọ́ tó. Ní ibi ibojì àwọn ọba, ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ́ bàtà, bí amọ̀nà bá ní kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ má ya fọ́tò láìbéèrè. Nígbà tí èmi lọ, wọn kì í gbà á nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ béèrè. Bí Faransé amọ̀nà bá yára jù, èmi yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ yóò gbéra ní aago márùn-ún ìdájí níwájú ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mú oúnjẹ tí a ó jẹ lọ́nà. Ẹ mú ìwé yín, àti bírò méjì méjì, nítorí ọ̀kan lè kọ̀.